Flowchart tó kún fọ́fọ́ kọ́ ló ń yéni

Èrò kan ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára nípa flowchart, ìyẹn àwòrán alápòótí àti ọfà tó ń fi bí iṣẹ́ kan ṣe ń lọ hàn: pé bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe yéni tó. Ni wọ́n bá kó gbogbo ìgbésẹ̀ àti gbogbo "bó bá ṣẹlẹ̀ pé" sójú ewé kan ṣoṣo. Ẹni tó yà á nìkan ló máa ń rí ọ̀nà jáde níbẹ̀.

Ìlà lojú òǹkàwé ń tọ̀ nínú àwòrán yìí, ó kàn ń yà sínú àpótí ni. Bí ìlà méjì bá dábùú ara wọn, ojú á dúró wò ó bóyá ńṣe ni wọ́n pàdé àbí wọ́n kàn kọjá lára wọn. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó nǹkan. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹjọ, òǹkàwé á ti gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹ wo wíwọlé sórí àkáǹtì. Ojú ọ̀nà gangan kò ju márùn-ún lọ: Bẹ̀rẹ̀, Gba password, Ṣé ó tọ̀nà?; Ṣí àkáǹtì; Parí. Ẹni tó fẹ́ kó ohun gbogbo pọ̀ á fi ti ẹni tó gbàgbé password sí i, á fi ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já sí i, á tún fi ti kóòdù orí fóònù sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tó ń padà sẹ́yìn, ojú ọ̀nà á sì sọnù sáàárín wọn. Ẹ to márùn-ún yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbàgbé sì di àpótí kan péré, "Pààrọ̀ password", tó ní ìlà òòró méjì-méjì lápá ọ̀tún àti òsì. Àmì yẹn ń sọ pé àlàyé rẹ̀ wà nínú àwòrán mìíràn.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni àtúngbìyànjú. Wọ́n á fa ọfà láti "Bẹ́ẹ̀ kọ́" padà sí "Gba password", ó parí. Ohun tí àwòrán yẹn ń sọ ni pé èèyàn lè máa tẹ password òdì títí ayé. Bí a bá fẹ́ ti àkáǹtì pa lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, nǹkan mẹ́ta la nílò: àpótí tó sọ iye di 0, àpótí tó ń fi 1 kún un nígbàkigbà tí password bá kùnà, àti dáyámọ́ǹdì, ìyẹn àpótí ìbéèrè, tó ń béèrè pé "Ṣé ó ti pé 3?" Àpótí 0 gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí ọfà ń padà sí. Bí ọfà bá padà sínú rẹ̀, iye á máa di 0 lákọ̀tun, kò ní pé 3 láé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó wà nínú dáyámọ́ǹdì. "Ṣé password tọ̀nà, ṣé àkáǹtì sì ṣì ń ṣiṣẹ́?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, èwo ni kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ pín in sí méjì. Ẹ kọ ìdáhùn sára ìlà nítòsí dáyámọ́ǹdì, kí "Bẹ́ẹ̀ ni" máa lọ sísàlẹ̀, kí "Bẹ́ẹ̀ kọ́" máa yà sọ́tùn-ún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní ti àmì, ìlànà ISO 5807 ti ọdún 1985 (ISO ni àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé) kó púpọ̀ jọ, títí kan ti káàdì oníhò tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń kà. Mẹ́rin tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́: olórí róbótó fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, onígun mẹ́rin fún iṣẹ́, dáyámọ́ǹdì fún ìbéèrè, onígun mẹ́rin tó dagun fún ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde. Àwọ̀ lè ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má fi àwọ̀ nìkan sọ ohunkóhun, torí àwọn kan kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo yíǹkì dúdú nìkan á sì sọ méjèèjì di àwọ̀ eérú.

Kí ẹ tó fi í síta, ẹ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Ẹ ní kó fi ìka tọ ọ̀nà ẹni tó ṣi password tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó wá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ má la ohunkóhun yé e. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró ni kí ẹ tún yà.