Bí iye ibùdó àwọn ará àtijọ́ ṣe ń yí padà ní ìlà-oòrùn Sàhárà

Ìlà-oòrùn Sàhárà (apá Íjíbítì, Líbíà, Sùdáànì àti Ṣáàdì) wà lára ibi tó gbẹ jù láyé, àmọ́ èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí, wọ́n tiẹ̀ sin màlúù níbẹ̀. Lọ́dún 2006 ni Rudolph Kuper àti Stefan Kröpelin, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Köln ní Jámánì, gbé máàpù jáde tó fi ibi táwọn èèyàn pọ̀ sí àti ibi tí wọ́n ti kúrò hàn láti bí 12,000 ọdún sẹ́yìn.

Èédú inú ààrò àtijọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà. Ohunkóhun tó bá ti wà láàyè rí ní kábọ́ọ̀nù 14 lára, ìyẹn oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń pòórá díẹ̀díẹ̀, tó bá ti kú báyìí kábọ́ọ̀nù yẹn á máa dín kù, tó bá fi máa tó 5,730 ọdún ìdajì ẹ̀ á ti lọ, torí náà tí wọ́n bá wọn èyí tó ṣẹ́ kù wọ́n á mọ ìgbà tí igi tí wọ́n fi dáná kú. Èsì láti ibi 150 táwọn awalẹ̀pìtàn ti wa ilẹ̀ ni wọ́n kó jọ, sáà kọ̀ọ̀kan sì ní máàpù tiẹ̀.

Kó tó di 8500 ṣáájú ìbí Jésù, aṣálẹ̀ yẹn ṣófo. Lẹ́yìn náà òjò dé, koríko hù, èèyàn ń wọlé díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di 7000 wọ́n ti tàn ká gbogbo ẹ̀. Ní Nabta Playa, gúúsù Íjíbítì, wọ́n bá ojú ilẹ̀ ahéré, kànga àti hóró ọkà bàbà inú igbó níbẹ̀, níbi tó jẹ́ pé yanrìn ló yí i ká lónìí. Ní nǹkan bí 5300 òjò bẹ̀rẹ̀ sí í sún padà sí gúúsù, làwọn kan bá gba etí odò Náílì lọ, àwọn míì kó ẹran wọn wọ Sùdáànì tómi ṣì wà. Ní 3500 Íjíbítì ti gbẹ tán, àsìkò yẹn náà ni ìjọba tó wá di tàwọn Fáráò ń bẹ̀rẹ̀ létí Náílì.

Àmì ibùdó púpọ̀ lórí máàpù ò fi dandan túmọ̀ sí èèyàn púpọ̀ o. Ìdílé darandaran kan ṣoṣo lè dáná síbi mẹ́wàá lọ́dún kan, ibi tọ́kọ̀ lè dé làwọn awalẹ̀pìtàn sì máa ń wà jù. Létí Náílì ńkọ́, ẹrẹ̀ tódò ń kó wá lọ́dọọdún ti bo ọ̀pọ̀ ibùdó mọ́lẹ̀, torí náà ibi tó dà bíi pé ó ṣófo níbẹ̀ lè máà ṣófo rárá.