Bí iná ṣe ń pín omi sí méjì ní kíláàsì kẹ́místrì

Gáàsì méjì, háídrójìn àti ọ́síjìn, ló para pọ̀ di omi, iná bátìrì sì lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá so wáyà méjì mọ́ bátìrì, tí wọ́n sì ti ẹnu wáyà náà bọ inú omi tí kò ní ohunkóhun nínú, kò sí nǹkan kan tí ojú máa rí. Ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń pariwo mọ́ ọmọ pé kó má fi ọwọ́ tútù kan súwíìṣì. Òótọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn, àmọ́ omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí iyọ̀ ilẹ̀ ti wọ̀ ló ń gbé iná. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n wá gba ooru rẹ̀ padà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohun tó lè bá iná rìn.

Ásíìdì súfúríìkì díẹ̀ ni olùkọ́ fi ń yanjú èyí. (Ásíìdì ni wọ́n ń rọra dà sínú omi o. Ẹni tó bá da omi lé ásíìdì, yóò hó, yóò sì ta sí i lójú.) Bó ṣe ń wọ inú omi ló ń tú ká di áyọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èérún tó ru iná: háídrójìn ru pósítíìfù, súféètì ru nẹ́gétíìfù. Alábàárù ni wọ́n. Alábàárù kì í sì í ṣe ọjà: tí iṣẹ́ bá parí, ásíìdì pé síbẹ̀, omi ló dín kù. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ásíìdì ló pín ti pàdánù máàkì rẹ̀ nìyẹn.

Iyọ̀ ọbẹ̀ náà lè gbé iná, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọkàn tán. Kúlórínì á máa bá ọ́síjìn jáde, òórùn bíi ti Jíìkì á sì gba kíláàsì. Gáàsì olóró ni kúlórínì.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìdí bátìrì, níbi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún kéékèèké tó ń gbé iná gba inú wáyà, ti ń wọlé, áyọ́ọ̀nù háídrójìn á gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì á so pọ̀, wọ́n á sì ru sókè bíi gáàsì. Ní ẹ̀gbẹ́ orí bátìrì, omi fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀: ọ́síjìn á bọ́, háídrójìn rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú omi, á rọ́pò àwọn tó ti lọ ní òdìkejì.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní fóltì 1.5. Nínú ìṣirò, 1.23 ti tó láti pín omi, àmọ́ lójú iṣẹ́, èyí tó ń jáde kò tó nǹkan. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń tò. Tí iná ámpìà 1 bá ń kọjá, ìṣẹ́jú kan á mú háídrójìn bíi mílílítà 7 wá, ọ́síjìn á sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Gáàsì tí iye èérún wọn bá dọ́gba máa ń gba àyè kan náà, nítorí náà gígùn àyè inú ìgò gbọọrọ méjèèjì tí wọ́n fi ń gba gáàsì ni H2O (háídrójìn méjì, ọ́síjìn kan) tí ojú lè rí. Níbẹ̀rẹ̀, ọ́síjìn kì í tó ìdajì yẹn, torí omi ń mu ún ju háídrójìn lọ. Wọ́n ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kà á.

Irin tó wà lápá ọ́síjìn ló ń jìyà jù. Ní London lọ́dún 1800, William Nicholson àti Anthony Carlisle kán omi sórí bátìrì tuntun ti Volta, ará Italy tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́, kí wáyà lè fara kàn án dáadáa ni, wọ́n bá rí i tó ń hó. Wáyà idẹ tí wọ́n lò dípẹtà lápá kan. Àfìgbà tí wọ́n lo plátínọ́ọ̀mù, irin olówó iyebíye tí kì í dípẹtà, ni gáàsì jáde lápá méjèèjì. Plátínọ́ọ̀mù ló wà nínú ohun èlò onígò mẹ́ta tí Hofmann, onímọ̀ kẹ́místrì ará Germany, ṣe ní 1866. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní i máa ń yọ ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú. Ọ́síjìn á máa jẹ ọ̀pá náà, omi á dúdú, ìṣirò méjì sí ọ̀kan á sì yẹ̀.

Igi tí iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ṣì pọ́n lẹ́nu, máa ń gbiná padà nínú ọ́síjìn. Háídrójìn ní tirẹ̀, inú ìgò gbígbẹ tí a da ojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n ń gbà á sí. Tí wọ́n bá mú ìṣáná sún mọ́ ọn, yóò dún pọ́ọ̀! Ẹni tó bá tètè wo ẹnu ìgò náà á rí i tó ti lọ́rinrin: omi ni.