Ìtọ́jú tó fi aláìsàn ṣáájú: kí ni ẹ̀tọ́ yín ní ilé ìwòsàn?

À ń gbọ́ ọ léraléra pé ilé ìwòsàn kan kọ aláìsàn torí owó àsansílẹ̀ tàbí torí ìwé ọlọ́pàá. Àwọn aláṣẹ á tún jáde pé ìtọ́jú tó fi aláìsàn ṣáájú làwọn ń ṣe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu létí àwọn òǹkàwé wa, wọ́n sì ń béèrè. Èsì wa rèé.

Kí tilẹ̀ ni ìtọ́jú tó fi aláìsàn ṣáájú?
Kí wọ́n tọ́jú ènìyàn, kì í ṣe àìsàn rẹ̀ nìkan.

Ṣé èmi ni màá wá máa pàṣẹ fún dókítà?
Rárá o. Òun ló mọ oògùn. Ẹ̀yin lẹ mọ ara yín, iṣẹ́ yín àti bí àpò yín ṣe tó. Ẹ jọ máa rò ó pọ̀ ni.

Ṣé òfin kan wà lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà?
Ó wà. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Òfin ọdún 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà tún là á mọ́lẹ̀: ìtọ́jú ni kó ṣáájú, owó wà nílẹ̀ o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, torí ibẹ̀ lẹ̀mí ti ń bọ́: kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa sáré lọ sí tẹ́ṣọ̀n kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 kì í ṣe òfin tuntun. Àwọn ẹ̀tọ́ tó ti wà káàkiri nínú òfin ló kó jọ, títí kan ẹ̀tọ́ láti mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín àti ohun tí wọ́n ń gbà á fún.

Èdè wo ni kí wọ́n fi ṣàlàyé fún mi?
Èyí tẹ́ ẹ gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ohun tí òfin 2014 wí nìyẹn. Ẹ wo àpò oògùn pélébé tí wọ́n ń fúnni. Wọ́n á kọ "1 × 2" sí i. Ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́ ni wọ́n ń wí. Màmá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà, kí òòyì gbé e ṣubú. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í béèrè pé "Ṣó ti yé yín, mà?", torí "Ó ti yé mi" ni màmá máa sọ, bó yé e, bí kò yé e. Á ní: "Mà, tẹ́ ẹ bá délé, báwo lẹ ṣe máa lò ó? Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́." Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lára pátákó tí wọ́n gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ṣé mo lè kọ ìtọ́jú?
Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ti dàgbà tí orí yín sì pé. Lọ́dún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbè lẹ́yìn dókítà tí kò fipá fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á. Ti ọmọdé yàtọ̀: ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà kò gbà kí ìyá fi ẹ̀sìn dínà ẹ̀jẹ̀ tó máa gba ọmọ rẹ̀ là.

Ṣé ọkọ mi lè wà lọ́dọ̀ mi tí mo bá ń rọbí?
Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dámọ̀ràn ní 2018 pé kí ẹni tí aláboyún bá yàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wa kò ní aṣọ ìkélé láàárín bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń lé ọkùnrin síta. Ẹ tètè béèrè nígbà àyẹ̀wò oyún bóyá wọ́n máa gbà á.

Tí mo bá ń béèrè ìbéèrè, ṣé wọn ò ní kórìíra mi?
Ẹ fọ̀wọ̀ béèrè. Òfin kò fún yín láyè láti bú òṣìṣẹ́ ìlera tàbí láti lù ú. Nọ́ọ̀sì kan tó ń dá odindi wọ́ọ̀dù tọ́jú lóru kò lè jókòó ti gbogbo ènìyàn. Ìjọba ló yẹ kó gba òṣìṣẹ́ kún un.

Ibo ni kí n mú ẹ̀sùn lọ?
Ọ̀gá ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè SERVICOM, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà; tó bá jẹ́ l'Ékòó, ẹ lọ sí HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ wọ́ọ̀dù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ríṣíìtì. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì ni wọ́n ń kọ̀ lọ́wọ́, ẹ má dúró jiyàn: ẹ gbé aláìsàn lọ síbòmíràn ná, ẹ̀sùn á dúró dè yín.