Ta Ni Wọ́n Ń Pè sí Ìjíròrò ní Mùsíọ́mù Yunifásítì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí mùsíọ́mù tó wà nínú ọgbà yunifásítì bá kéde pé òun fẹ́ ṣe ìjíròrò lórí iṣẹ́ ọnà, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde náà pé gbogbo ènìyàn ni àwọn ń pè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Yábà, ni kò gbà pé àwọn wà lára "gbogbo ènìyàn" yìí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nípa rẹ̀ ni mo dáhùn síhìn-ín.

Ìjọba ti ní mùsíọ́mù ní Oníkàn. Kí ni yunifásítì tún ń fi tirẹ̀ ṣe?

Ní Èkó níbí, ẹ̀kọ́ ló bí mùsíọ́mù. Àìná Ọnábólú, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ya àwòrán àwọn èèkàn ìlú Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ni ó ń rọ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́, títí wọ́n fi gbà, tí wọ́n sì mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927 láti wá ṣe olùkọ́. Bí Murray ti ń kọ́ ọmọ ni ó ń rí i pé àwọn ohun àtayébáyé tó yẹ kí àwọn ọmọ náà máa wò kọ́ṣẹ́ ti ń pòórá nílé àti láàfin, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Òun ni ìjọba fi ṣe olórí àkọ́kọ́ fún ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1943, iṣẹ́ rẹ̀ náà ló sì yọrí sí mùsíọ́mù Oníkàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957.

Nítorí náà, kò ṣàjèjì pé yunifásítì náà kọ́ tirẹ̀. Èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ jù nísinsìnyí ni mùsíọ́mù Yẹmisí Shyllon ní Pan-Atlantic University, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, lẹ́yìn tí Ọmọọba Yẹmisí Shyllon, ọmọ Abẹ́òkúta, fi iṣẹ́ ọnà tó tó ẹgbẹ̀rún kan ta yunifásítì náà lọ́rẹ. Ohun tó mú irú mùsíọ́mù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ti ère gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ìwé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bí ìjíròrò.

Àmọ́ bí ère àti àwòrán bá ti wà níwájú wa, kí ni wọ́n tún ń sọ nípa wọn?

Ẹ jẹ́ kí a mú ère ìbejì kan. Káàdì kékeré tí wọ́n lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè sọ pé igi ni, pé Yorùbá ló ni ín, pé ọ̀rúndún ogún ni wọ́n gbẹ́ ẹ, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ óò rí i pé ilà inú irun rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá, nígbà tí imú, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dán, tí wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ẹ óò rí pupa osùn tó kù sí kọ̀rọ̀ apá, àti àwọ̀ aró tàbí ti búlúù tí a fi ń fọ aṣọ lórí irun. Ẹni tí kò mọ àṣà yìí lè rò pé àìbìkítà ló ba ojú ère náà jẹ́. Ẹni tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú ìbejì yóò sọ fún un pé ọwọ́ ìyá ni, ìyá tó ń wẹ ọmọ tó kú, tó ń fi osùn pa á lára, tó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, ní ọdún dé ọdún. Kò sí ibi tí káàdì kékeré ti lè gba gbogbo ìyẹn. Ẹnu ènìyàn ló ń gbé e dé.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún ju èyí lọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924, tí ó sì di ti British Museum. Àwọn tó ń wo ilẹ̀kùn náà nígbà yẹn yìn ín, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ kò bá a dé ibẹ̀. Ní ọdún 1988, aádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifun Ọlọ́wẹ̀, kí oríkì ọkọ rẹ̀ fún onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, John Pemberton, oríkì náà sì ti di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ní lọ́wọ́ nípa ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Ẹnu ìyá àgbà tó ń kí oríkì ọkọ rẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìwé ti rí ohun tí wọ́n kọ. Bí mo bá ń sọ pé ìjíròrò ní mùsíọ́mù kì í ṣe ohun àfikún, ìdí rẹ̀ nìyí: níbẹ̀ ni ìmọ̀ tó wà nílé ti lè pàdé èyí tó wà nínú ìwé, bí àwọn tó ni ìmọ̀ ilé bá yọjú.

N kò lọ sí yunifásítì. Ṣé wọn kò ní lé mi padà?

Rárá. Ìtumọ̀ tí àjọ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé, ICOM, fi ọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ ní kedere pé mùsíọ́mù gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè béèrè ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ fi ìkéde ìjíròrò náà hàn án lórí fóònù yín. Bí ìkéde bá ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ tètè ṣe é, nítorí iye àga ni wọ́n fi ń ka iye ènìyàn.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀?

Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù, ó sì dùn mí. Agbẹ́gilére, aláró, ahunṣọ òfì àti ẹni tó ti gbé ọ̀pá Ẹ̀yọ̀ rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè sọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀ nípa iṣẹ́ tó wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó fún wákàtí méjì láì gbọ́ gbólóhùn kan ní èdè tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà, wọn kò ní la ẹnu. Mo gbà pé ó yẹ kí mùsíọ́mù yòówù tó wà ní Èkó máa ṣe díẹ̀ nínú ìjíròrò rẹ̀ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó sọ.

Kí ìyẹn tó wọ́pọ̀, ẹ má ṣe dákẹ́. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀, ẹ nawọ́, ẹ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní Yorùbá. N kò tíì rí ibi tí a ti ń jíròrò báyìí ní Èkó tí kò sí ẹni tó lè túmọ̀ ìbéèrè kan. Ìbéèrè tó máa ń so èso jù ni èyí tó dá lé ohun tí ojú rí: kí ló dé tí ẹṣin yìí fi kéré sí ẹni tó gùn ún? Kí ló dé tí ojú ère yìí fi yọ síta tó báyìí?

Ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe?

Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ lè wá sọ bí ó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Olùtọ́jú àkójọ lè mú àwọn ènìyàn yí gbọ̀ngàn ká. Wọ́n lè fi sinimá hàn, tàbí kí wọ́n pe àwọn ọmọdé wá ya àwòrán. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, ètò máa ń pọ̀ ju ti ìgbà yòókù lọ. Fún ẹni tí kò lọ rí, yíyí gbọ̀ngàn ká ni mo máa ń kọ́kọ́ dábàá, nítorí pé ó rọrùn láti béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo yín bá dúró ti ohun kan náà.

Àwọn ìyá wa ń wẹ ère, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án níbẹ̀?

Nílé, ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ère ló ń kàn án. Ní mùsíọ́mù, ọwọ́ àìmọye àlejò ni, òógùn àti ọ̀rá tó wà lára ọwọ́ a sì máa jẹ irin àti idẹ, a máa ṣí ọ̀dà, a sì máa nu osùn tí ìyá fi sílẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ osùn yẹn ni ẹ̀rí tí a fi ń mọ̀ pé ère náà ní ilé rí. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bẹ lára ohun tí wọ́n ń ṣọ́ra fún: díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣá aró ara àdìrẹ àti àwọ̀ orí bébà, ohun tó bá sì ti ṣá kò ní padà sípò. Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn míì fi ṣókùnkùn díẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ẹ pa iná kámẹ́rà.

Mo ní ère àtijọ́ kan nílé. Ṣé kí n gbé e lọ síbi ìjíròrò?

Ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ lọ: iwájú, ẹ̀yìn, ìdí, àti ibi tí ó bá ti sán. Ẹ má retí pé wọn óò dá iye owó lé e, nítorí iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pàdé níbẹ̀ bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun bá yín gbé e lọ sí òkè òkun, ẹ rántí pé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1979 kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù.

Kí ẹ tó lọ rárá, ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ ṣí fóònù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó gbẹ́ ère náà, ìlú tí wọ́n ti gbé e wá, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí i tàbí tí wọ́n ń kọ lórin nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde. Ohùn yẹn àti àwòrán náà ni kí ẹ jọ fi hàn wọ́n.