Bí Ọ̀bẹ Èso Onífàdákà ti Sheffield Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn ọlọ́lá Ìlú Ọba a máa fi ọ̀bẹ kékeré kan sápò, èyí tí ojú rẹ̀ ń wọnú èèkù bí wọ́n bá ká a. Èso ni wọ́n fi ń gé. Irin ìgbà náà kì í bá ọsàn tàbí ápù rẹ́: omi kíkan inú èso á sọ ọ́ di dúdú, ìtọ́wò irin á sì dà mọ́ èso lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fàdákà ṣe ojú ọ̀bẹ náà ní Sheffield, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Inú èèkù ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Sípíríǹgì onírin tó rí pẹlẹbẹ ló gba ẹ̀yìn èèkù kọjá. Ìṣó kan dá ìdí ojú ọ̀bẹ lu, òun ni ọ̀bẹ fi ń yí. Ìdí náà kò rí roboto, ó ní igun. Bí èèkánná bá fa ojú ọ̀bẹ síta, igun yẹn á ti sípíríǹgì sókè, ọwọ́ á sì mọ̀ pé nǹkan ń takú. Gbàrà tí igun bá kọjá, sípíríǹgì á bọ́ sórí ibi tó tẹ́jú, á dún kọ́! Ó ṣí nìyẹn. Kò sí ohun tó tì í pa o, agbára sípíríǹgì nìkan ló dì í mú, torí náà a kì í fi í gún nǹkan. Ìró yẹn ni kí ẹni tó fẹ́ rà á tẹ́tí sí: bí kò bá dún, sípíríǹgì ti rọ̀ tàbí ó ti dípẹtà. Kí ó má bàa dípẹtà, ẹ̀kán òróró máṣìnì kan tó o.

Ìkarahun òkun tó ń kọ mànà ni wọ́n sábà fi ń bo èèkù, wọn á fín òdòdó sí i. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́. Kí a tètè nù ún.

Òǹtẹ̀ ara ojú ọ̀bẹ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kìnnìún túmọ̀ sí ojúlówó fàdákà, adé túmọ̀ sí Sheffield, lẹ́tà kan sì dúró fún ọdún. Bí orí ọba tàbí ọbabìnrin bá wà níbẹ̀, wọ́n ti san owó orí lórí rẹ̀. 1784 ni òǹtẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, ó dópin ní 1890. Ẹni tó bá ń fi agbára dán fàdákà ń pa ìtàn yìí rẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1913, ní Sheffield kan náà, Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, po mẹ́táàlì kan tó ń jẹ́ kúrómíọ̀mù mọ́ irin, ó sì rí irin tí kíkan èso kò lè bà jẹ́. Látìgbà náà ni irin ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fàdákà.