Omi Kànga Láàárọ̀ Ọyẹ́ àti Odò tí Kì í Dì

Ẹni tó bá ti fa omi kànga ní kùtùkùtù lásìkò ọyẹ́, yálà ní Màpó tàbí ní Ọjẹ́, mọ ohun kan tí tíṣà kankan ò kọ́ ọ: omi náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ètè ti bó, ẹsẹ̀ ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eérú, omi inú dúrọ́ọ̀mù tó sùn síta ń gún ni lára bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n garawa àkọ́kọ́ tó jáde látinú kànga dà bí èyí tí wọ́n ti gbé kaná díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e kaná. Omi kànga kò gbóná ju ti àná lọ. Ojú ọjọ́ ló tutù, tí omi inú ilẹ̀ sì kọ̀ láti bá a lọ.

Ohun kan ṣoṣo yìí ló wà nídìí ìgbádùn kan tó ń lé apẹja àti ayàwòrán jáde nílé ní ilẹ̀ tó jìnnà sí Ìbàdàn, nígbà tí ẹni tí orí rẹ̀ pé á fẹ́ wà lábẹ́ kúbùsù: ẹja dídẹ àti fọ́tò yíyà létí odò ìsun, nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀.

Ọ̀lẹ ni ilẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ ooru. Ó ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó tutù. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru kì í wọnú rẹ̀ tó mítà kan kí agbára wọn tó tán. Tó bá ti tó nǹkan bíi mítà 10 sísàlẹ̀, kódà ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rí i yí padà mọ́. Ìwọ̀n ooru tó ń wà níbẹ̀ sún mọ́ èyí tí èèyàn á rí tó bá da ooru gbogbo ọjọ́ inú ọdún pọ̀, tó sì pín in dọ́gba. Ní Ìbàdàn, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 26 tàbí 27°C. Nígbà tí ìdájí ọyẹ́ bá wá já wálẹ̀ kọjá 20°C, ọwọ́ tó ti tutù ló ń rí omi tí kò yí padà bí omi gbígbóná. (Ìkógòsì ní Èkìtì yàtọ̀ o. Ooru tibẹ̀ ń ti ọ̀gbun ilẹ̀ wá, níbi tó jìn ju kànga ẹnikẹ́ni lọ.)

Ká gbé kànga yìí lọ sí ilẹ̀ olótùútù, ká sì jẹ́ kí omi rẹ̀ máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ láìsí okùn, láìsí garawa: odò ìsun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lórúkọ jù wà níbi tí òkúta ẹfun pọ̀ sí, tàbí òkúta funfun rírọ̀ tó jọ ṣọ́ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀ ni Test àti Itchen rí ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ sì ni Letort ní Carlisle, ní Pennsylvania. Ní Montana, odò ìsun Armstrong àti DePuy wà nítòsí ìlú Livingston, nínú àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Paradise Valley. Òjò àti yìnyín tó yọ́ máa ń gba pàlàpálá òkúta wọlé, á rìn lábẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òkúta á sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, kó tó tún yọ sókè. Ìdí nìyí tí omi náà fi mọ́ gaara, tí òjò alẹ́ kan ò fi lè sọ ọ́ di àgbàrá. Ìwọ̀n ooru tó ń bá jáde kì í jìnnà sí 10°C, lọ́jọ́ tí oòrùn mú àti lọ́jọ́ tí yìnyín bolẹ̀.

Ní Ìbàdàn, omi fíríìjì là ń pe 10°C. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti wà ní ìwọ̀n 15 sísàlẹ̀ òdo, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Àwọn adágún àdúgbò lè dì gbagidi débi tí èèyàn á máa rìn lórí wọn. Odò ìsun á máa ṣàn lọ ní tirẹ̀, dúdú láàárín ilẹ̀ funfun, nǹkan bí èéfín á sì máa rú lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ẹlẹ́kọ bá ṣí ìkòkò. Ọ̀rinrin tó ń gòkè látojú omi ló bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tútù, afẹ́fẹ́ tútù ò sì lágbára láti gbé ọ̀rinrin púpọ̀, ló bá padà di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ tí ojú ń rí. Ibi tó bá ti kan ẹ̀ka igi, á dì mọ́ ọn lára, títí igi etí odò á fi funfun látòkè délẹ̀ bí orí arúgbó. Oòrùn á yọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo kùrukùru náà á pọ́n. Láìpẹ́, á ti tán. Ohun tí ayàwòrán ń torí rẹ̀ jí nìyẹn.

Ibi tí kámẹ́rà ti ń já a kulẹ̀ ni funfun. Kámẹ́rà ò mọ ohun tó ń jẹ́ yìnyín. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé nìkan ló mọ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé ayé lápapọ̀ kò funfun, kò dúdú, àárín méjì ni, bí eérú. Tó bá rí ilẹ̀ tó funfun kanlẹ̀, á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, yìnyín á wá jáde bí eérú ààrò. Àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Ìbàdàn mọ ìyà yìí láìrí yìnyín rí: kí ìyàwó wọ léèsì funfun, kó dúró níwájú ògiri funfun, kí ẹni tó ń yà á sì fi gbogbo ẹ̀ lé kámẹ́rà lọ́wọ́. Léèsì á ṣì, ojú ìyàwó á sì ṣú bíi pé wọ́n ń bá a jà. Oògùn kan náà ló wà fún méjèèjì. Bọ́tìnì kan wà tó ní àmì + àti −. Wọ́n á sún un sí +1. Tí yìnyín bá gba gbogbo ojú fọ́tò, ó lè dé +2. Ó máa ń ya ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n tún ti ń bu ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Òjìji igi lórí yìnyín á tún jáde ní àwọ̀ búlúù. Ibi tí oòrùn ò dé, ojú ọ̀run ló ń tanná sí i, ojú ọ̀run sì búlúù. Àwọn kan máa ń fi kọ̀ǹpútà nu àwọ̀ yìí kúrò, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ nu òtútù kúrò nínú fọ́tò wọn.

Òtútù máa ń fa agbára bátìrì sẹ́yìn, nítorí náà àpò inú, nítòsí ara, ni wọ́n ń kó èyí tí wọn ò tíì lò sí. Èyí ò le. Èyí tó le ni ìgbà tí wọ́n bá padà wọlé. Ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní fíríìjì máa ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà tó ti gan á làágùn tó bá wọ ilé tó gbóná, ìta rẹ̀ àti inú rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á so ẹnu rẹ̀ pinpin kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọn ò sì ní tú u àfi tí kámẹ́rà bá ti gbóná tó inú ilé. Ara ọ̀rá ni òógùn náà á wà.

Ẹja ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹja kì í dá ooru tirẹ̀ ní. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Nínú odò tó fẹ́ máa dì, ẹja trout, ẹja omi tútù tí wọ́n ń dẹ níbẹ̀, á lọ ba sísàlẹ̀, kò ní fẹ́ rìn, oúnjẹ ò sì ní jẹ ẹ́ lógún. Nínú odò ìsun, ó ń jẹun jálẹ̀ ìgbà òtútù. Omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn yìí gan-an ni ikú ẹpíyà, torí ẹpíyà kì í yè é tí omi bá ti sún mọ́ 10°C. Trout náà ò sì lè dé Ìbàdàn kó gbé ibẹ̀: tí omi bá ti lé ní 25°C, tí ó sì pẹ́ nínú ẹ̀, òun náà á kú.

Oúnjẹ rẹ̀ nígbà òtútù á pa ẹni tó ń dẹ àrọ̀ lẹ́rìn-ín. Kòkòrò kan ni, tó jọ ẹ̀fọn, tó kéré sí i, tí kì í sì í jẹni. Nígbà tó wà ní ìdin, inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé. Tó bá dàgbà, á léfòó wá sókè, á bọ́ awọ, á sì fò lọ. Àwọn tó so rọ̀ sábẹ́ ojú omi, tí wọn ò tíì bọ́ awọ tán, ni trout ń ṣà jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

Nítorí náà, ìwọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ ẹ́ kì í gùn tó hóró ìrẹsì kan. Òwú àti ìyẹ́ díẹ̀ ni wọ́n wé mọ́ ọn lára kó lè jọ kòkòrò náà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ débi tó jìnnà? Ẹni tó fi ekòló sí ìwọ̀ ní òjé tó so mọ́ okùn, ìwúwo òjé ló ń fa okùn lọ. Níhìn-ín, okùn gan-an ni wọ́n sọ di ẹrù. Okùn tó nípọn, tó wúwo, ni apẹja ń jù. Ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e bí ìrù. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9 á ju okùn kọjá lórí apẹja sẹ́yìn, apẹja á dúró díẹ̀ kí ó nà tán, á sì wá fà á síwájú. Àwọn ọmọ tó ń na pàṣán lójú eégún mọ ìdúró díẹ̀ yẹn: èyí tí kò tíì nà tán lẹ́yìn kì í dún níwájú. Láàárín okùn nípọn yìí àti ìwọ̀, okùn mìíràn wà tó mọ́ bíi gíláàsì, tó ń tín-ín-rín lọ títí ìparí rẹ̀ á fi wà ní nǹkan bíi mìlímítà 0.1, bí irun orí.

Jíjù kọ́ ló le jù. Odò ìsun dákẹ́, ó mọ́, ẹja sì ráyè wo oúnjẹ fínnífínní. Kòkòrò gidi ń bá omi lọ bí omi bá ṣe ń lọ. Tí ìṣàn bá fa okùn ṣáájú, ìwọ̀ á máa wọ́ lójú omi, á fa ilà kékeré kan sẹ́yìn, trout á wò ó, á sì yíjú. Torí ẹ̀ ni apẹja ṣe ń jẹ́ kí okùn dẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀, kí ìṣàn lè kọ́kọ́ rí ìyẹn fà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ìwọ̀ á fi lọ láìsẹ́ni tó fà á, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Òtútù ò sì ní jẹ́ kó rọrùn. Okùn tó ti inú omi bọ̀ ń gbé omi wá sínú àwọn òrùka ara ọ̀pá, omi á dì níbẹ̀, okùn ò ní lè kọjá mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i dà bí àwàdà: wọ́n á ti ọ̀pá náà bọ odò. Omi kànga á yọ́ yìnyín kúrò.

Ọ̀sán, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ díẹ̀, ni kòkòrò wọ̀nyí sábà máa ń jáde, ìyẹn ni pé nígbà tí ayàwòrán bá ti ń palẹ̀ mọ́ ni apẹja ń so okùn. Ohun kan pa wọ́n pọ̀ ṣá: gíláàsì tó ń pa dídán ojú omi. Ìmọ́lẹ̀ tó ta lójú omi máa ń to ara rẹ̀ sọ́nà kan, gíláàsì yìí á sì dínà mọ́ ọn, pàápàá tí ojú bá ń wo omi ní ìdagẹ̀rẹ̀. Apẹja ń wọ̀ ọ́ sójú kó lè rí ẹja. Ayàwòrán ń dè é sẹ́nu lẹ́ńsì kó lè rí òkúta ìsàlẹ̀. Tí ayàwòrán bá ń wá òjìji igi lójú omi, àfi kó yáa tú u kúrò.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn tó bá mú ẹja tán, á tú u sílẹ̀ padà sómi. Ẹni tó ń fi àwọ̀n bọ́ ilé ní Ẹlẹ́yẹlé á béèrè pé kí ni wọ́n wá débẹ̀ lọ, ìbéèrè náà ò sì burú.

Ẹlẹ́yẹlé kì í ṣe odò ìsun. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà síbẹ̀ kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, omi òjò àti àgbàrá ló sì ń gbà. Ní ìdájí tí afẹ́fẹ́ bá tutù tí ó sì ṣì ní ọ̀rinrin, kùrukùru omi lè bò ó díẹ̀. Tí ọyẹ́ bá wá le gan-an, afẹ́fẹ́ ti gbẹ débi pé ó ń mu ọ̀rinrin náà tán kí ojú tó rí i. Funfun tó bo òdìkejì adágún nígbà náà, eruku ni.

Fọ́tò eruku ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí ni eruku ń pa á rẹ́ sí: ọkọ̀ apẹja á dúdú, igi ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì, òkè ẹ̀yìn igi á kù bí òjìji. Funfun rẹ̀ ń tan kámẹ́rà jẹ bí yìnyín ṣe ń tàn án, bọ́tìnì + kan náà ló sì ń gbà á. Oòrùn tó pọ́n bí epo pupa ńkọ́? Kámẹ́rà á rò pé àṣìṣe ni, á fẹ́ tún un ṣe. Àmì oòrùn ni kí wọ́n yí i sí, kó lè fi pupa náà sílẹ̀. Àkókò ò sì pọ̀. Ní Livingston ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan kì í gòkè lójú ọ̀run ju ìwọ̀n 21 lọ (àtàrí gan-an ni 90), ìmọ́lẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní Ìbàdàn, ó ń dé 59. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù ti pàdánù.

Wọn kì í pààrọ̀ lẹ́ńsì níta lọ́yẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ eruku ọyẹ́ ti ń wá ni Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ìyẹn ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ayé àtijọ́. Ara ohun tó wà nínú eruku náà ni ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ tó ti gbé inú omi yẹn rí, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì ló sì wà nínú ìkarahun wọn. Èyí tó bá bà sójú lẹ́ńsì ní Ẹlẹ́yẹlé, rọ́bà afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi fẹ́ ẹ kúrò. Tí wọ́n bá fi etí aṣọ nù ún, á ha á.