Àgbò méjì nínú koto kan: bí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra ṣe ń rí àyè tiwọn

Nǹkan kan wà tó máa ń dun èèyàn tó bá fẹ́ràn èdè, ìyẹn ni kí wọ́n to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún mẹ́fà sójú kan, "ask", "inquire", "question", "demand", "interrogate", kí wọ́n wá sọ fún ẹni tó ń kọ́ èdè pé ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní, kó ṣáà mú èyí tó bá dùn létí ẹ̀. Ẹni yẹn á wá jókòó, á kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń wá oore lọ́wọ́ ẹ̀, á kọ ọ́ pé "I demand your assistance". Lójú tiẹ̀ ó bẹ̀bẹ̀ ni o. Lójú ọ̀gá tó ka lẹ́tà, ẹnìkan wá fi agídí gba ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá ká èèyàn lára ni pé "demand" kò le báyìí níbi tó ti wá, torí lẹ́nu àwọn Faransé títí dòní, "demander" kò ju kéèyàn béèrè nǹkan lọ, béèrè jẹ́jẹ́. Inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti le. Nígbà tó fi máa dé, "ask" ti jókòó sórí béèrè jẹ́jẹ́, kò sí àyè mọ́, ó ní láti wá ibòmíì gbà.

Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé lórí ìtumọ̀ kan, wọn ò lè jọ wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Wọ́n á kàn. Nígbà míì ọ̀kan á kú pátápátá, àwọn yẹn ò tiẹ̀ dùn sọ torí kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀kan á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá koto kékeré kan tiẹ̀. Ibi sísún yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní àgbò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò gba àlàyé gígùn: àwọn Anglo-Saxon ló kọ́kọ́ ni èdè náà, àwọn Viking wá láti ìhà Denmark àti Norway wọ́n sì mú tiwọn wá, ní 1066 William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, wá gba ilẹ̀ England, Faransé wá di èdè ààfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé sì ń da èdè Látìn lé e lórí. Ó tó báyẹn.

Ẹ wá wo "stool". Nígbà kan, ohunkóhun tí èèyàn bá lè jókòó lé ni "stool" o, àga ọba pàápàá. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn àti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ ìyá, ṣì ń pe àga ní "Stuhl" títí di báyìí. Ni "chair" bá ti Faransé dé, ó dé pẹ̀lú iyì, àga tó ní ẹ̀yìn tó ní apá, àga ọlọ́lá, ó sì rọra ti "stool" kúrò lórí gbogbo àga tó dáa. Kí ló ṣẹ́ kù fún onílé? Àpótí tí ò ní ẹ̀yìn tí ò ní apá. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀, kò sí ìpàdé kankan níbi tí wọ́n ti dìbò, àwọn èèyàn ṣáà ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni, ọ̀rọ̀ sì ń pínyà.

"Deer" tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣeni láàánú. Òde òní àgbọ̀nrín ni, àbí? Láyé ìgbà yẹn "deor" ni gbogbo ẹranko, ohun tí Jámánì ṣì ń pè ní "Tier". "Beast" bọ́ sílẹ̀ láti Faransé, "animal" tẹ̀ lé e láti Látìn, wọ́n ń tì í, wọ́n ń tì í, títí tó fi ku ẹranko kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tí ọdẹ ń lé kiri. "Hound" náà rí bẹ́ẹ̀, òun ló ni gbogbo ajá tẹ́lẹ̀ kí "dog" tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ajá ọdẹ ló wá kù sí i lọ́wọ́. Ikú náà ò gbẹ́yìn o: "starve" túmọ̀ sí kú, ikú èyíkéyìí, bí "sterben" ti Jámánì. Nígbà tí "die" gba gbogbo ikú tán, ikú ebi ló kù fún "starve", àfi ní apá àríwá England níbi tí àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn "starved" tó sì jẹ́ pé òtútù ló mú wọn.

Ẹni tó bá ti ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti bá irú ẹ̀ pàdé bóyá láì mọ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní Ọlọ́run fún èèyàn ní ewébẹ̀ àti èso igi, ó ní wọ́n á jẹ́ "meat" fún wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì máa rò ó pé báwo ni èso igi ṣe di ẹran. Kò di ẹran. "Meat" nígbà yẹn ni oúnjẹ, ohunkóhun tí ẹnu ń jẹ. "Food" ló gba ilé náà tán nígbà tó yá, tó fi ẹran nìkan sílẹ̀ fún un.

Ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ lórí "cow" àti "beef", torí ìtàn kan wà tí gbogbo èèyàn ń sọ, pé àwọn Saxon tó ń da ẹran ló fún màlúù lórúkọ nígbà tó wà láàyè, àwọn olówó Faransé tó ń jẹ ẹ́ fún un lórúkọ tó bá ti dé orí tábìlì. Ìtàn náà dùn, òǹkọ̀wé Walter Scott ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ ẹ̀, Ivanhoe, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ọjọ́ kan ni wọ́n pín in. Rárá. Nínú Bíbélì 1611 yẹn kan náà, "beeves" ni wọ́n pe màlúù tó ń fẹsẹ̀ rìn, nínú Númérì, níbi tí wọ́n ti ń ka ìkógun, ìyẹn sì ju ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí William dé. Ó pẹ́ gan kí wọ́n tó gba ààlà fúnra wọn. Ohun tó dáa nínú ìlànà yìí nìyẹn, kò kánjú.

Kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ni wọ́n ń pín ṣá, wọ́n ń pín ìwúwo náà. "Ask", "question", "interrogate", ti ilé, ti Faransé, ti Látìn, ẹ sì máa rí i pé bó ṣe ń lọ ló ń le sí i: ọmọdé lè "ask", tíṣà á "question", ọlọ́pàá ló ń "interrogate" nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹni tó bá fi ti ọlọ́pàá rọ́pò ti ọmọdé kí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ lè ga, kò ga o, ó ti mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wọ àgọ́ ọlọ́pàá láìmọ̀.

Wọ́n sì ń pín ẹgbẹ́. Díkíṣọ́nárì lè sọ pé "big" àti "large" jẹ́ ńlá, kò parọ́, àmọ́ ẹ gbé méjèèjì síwájú "sister" kẹ́ ẹ wò ó. "My big sister" ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kódà kó tín-ín-rín bí okùn. "My large sister" ni pé ara ẹ̀ tóbi, ó sì lè jẹ́ àbúrò, ẹni tí wọ́n bá sì sọ bẹ́ẹ̀ sí lè má bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e ló ṣí àṣírí wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò púpọ̀ kéèyàn máa kọ́ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ẹni tó ń ka òkúta, ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn ló yẹ kéèyàn kọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Yorùbá ní ọgbọ́n tiẹ̀ nínú irú nǹkan yìí, ibi tó sì ti máa ń dí àwa lọ́wọ́ ni "borrow" àti "lend". "Yá" kan ṣoṣo la fi ń ṣe méjèèjì: mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀, mo yá a lówó. Gbólóhùn fúnra ẹ̀ ló ń sọ ibi tí owó ń lọ, "yá" ò ní wàhálà kankan. Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ yẹn sínú ọ̀rọ̀, ẹni tó gbà ni "borrow", ẹni tó fún ni "lend", nítorí náà "borrow me money" tí a máa ń sọ kì í ṣe òmùgọ̀ rárá, ọgbọ́n "yá" lèèyàn gbé wọlé onílé.

Ìjà kan ṣì ń lọ lọ́wọ́ báyìí, "disinterested" àti "uninterested". Láàárín 1600 sí 1700, àwọn kan ń lo "disinterested" fún ẹni tí nǹkan ò wù, "uninterested" sì wà fún ẹni tí kò ṣègbè. Wọ́n pààrọ̀ ilé lẹ́yìn náà, ó sì wúlò gan, torí adájọ́ tó "disinterested" ni gbogbo olùpẹ̀jọ́ ń gbàdúrà fún, ẹni tí kò ní ti ẹnikẹ́ni nínú, adájọ́ tó "uninterested" sì ni èyí tó ń sùn nígbà tí wọ́n ń ro ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò àti olóòtú ìwé ìròyìn ṣì ń ṣọ́ ìyàtọ̀ yìí, àmọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ìgboro méjèèjì ti ń di ẹni tí nǹkan ò wù, "impartial", tí òun náà jẹ́ ẹni tí kò ṣègbè, ló sì ń bọ̀ wá jókòó síbi tí "disinterested" ń dìde kúrò.